Láti Sabon Gari dé Chikaji: Ìtàn Bí Àwa Yorùbá Zaria Ṣe Ń Kó Lọ sí Ẹ̀yìn Ìlú

 

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàrin wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tí Ọlọ́run ti fún ní ọmọ kan tàbí méjì, ń bi wá pé: ṣé ká dúró sí Sabon Gari nínú yàrá kan, àbí ká kó lọ sí Chikaji níbi tí a ti lè rí yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀, ká tilẹ̀ máa fi owó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ra ilẹ̀ tiwa? Àwọn àgbà kan ní ẹni tó bá kó lọ sí Chikaji ti já ara rẹ̀ kúrò láàrin wa nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn àgbà ò mọ iye tí rẹ́ǹtì ti dà. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọjà títà sì gbé wa sáàrin àwọn méjèèjì, rò pé ìtàn ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn bàbá wa rí, ní Zaria yìí kan náà.

SABON GARI NÁÀ, Ẹ̀YÌN ÌLÚ LÓ JẸ́ RÍ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rélùwéè, nítorí rélùwéè ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé ibí. Ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Lọ́wọ́ kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń la ojú irin mìíràn láti Baro létí odò Ọya lọ sí Kánò, èyí sì parí ní 1911. Àwọn méjèèjì pàdé ní Minna. Bí ojú irin ṣe so pọ̀ báyìí, ẹni tó bá ti ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ lè wọkọ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá, kó sì bọ́ sílẹ̀ ní Zaria.

Zaria kì í ṣe ibùdókọ̀ lásán o. Oríta ojú irin ni. Láti ibí ni ojú irin kékeré ti yà lọ sí Bukuru lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ní 1914, nítorí tánganran tí wọ́n ń wà níbẹ̀. Láti ibí kan náà ni òmíràn ti lọ sí Kaura Namoda, tó parí ní 1929, nítorí òwú àti ẹ̀pà. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ọjà ń wà, ibi tí ọjà bá sì wà, ẹ ò lè wá Yorùbá tì níbẹ̀. Àwọn kan wá ṣe akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àwọn kan wá ṣe télọ̀, kápẹ́ńtà, bíríkìlà. Àwọn oníṣòwò gbé obì wá láti Ìjẹ̀bú àti Agége, wọ́n gbé aṣọ wá, wọ́n sì ń ra ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ padà lọ sílé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, gbogbo wọn ló ní ọmọ níbí.

Níbo ni wọ́n wá gbé? Ibí ni ká ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Láti 1902 ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba àkóso Zaria. Ètò tí wọ́n ṣe ní àwọn ìlú ńlá Àríwá ni pé kí àwọn ọmọ onílùú wà nínú odi lábẹ́ Sarki wọn, kí Òyìnbó wà ní àdúgbò tirẹ̀, kí àlejò tó ti gúúsù wá sì wà lọ́tọ̀. Àwọn ará Àríwá tó ti ìlú mìíràn wá lọ sí Tudun Wada. Àwa ni wọ́n fi sí ẹ̀bá rélùwéè, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Sabon Gari. Ẹ̀yin tó gbọ́ Haúsá mọ ìtumọ̀ rẹ̀: Ìlú Tuntun. Nígbà yẹn, ẹni tó ń gbé inú Birnin Zaria ń wo Sabon Gari bí ẹ̀yin òde òní ṣe ń wo Chikaji. Ẹ̀yìn odi ni, pápá ni, ibùgbé àlejò ni. Ibi tí àwọn àgbà wa ń pè ní àárín gbùngbùn lónìí, ẹ̀yìn ìlú ni nígbà tí wọ́n gbé àwọn bàbá tiwọn síbẹ̀.

OHUN TÓ SỌ PÁPÁ DI ÌLÚ

Kí ló wá jẹ́ kí Sabon Gari di ilé? Kì í ṣe ìjọba ló ṣe é. Ìjọba pín pọ́lọ́ọ̀tì, wọ́n la títì, ó parí. Àwọn bàbá àti ìyá wa ló ṣe ìyókù, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n sì gbé dání dé.

Àkọ́kọ́ ni ilé àdúrà. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé àwọn ìlú Àríwá. Nínú pálọ̀ ẹnì kan ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé ìjọsìn. Àwọn Mùsùlùmí wa náà kọ́ mọ́sáláṣí níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ wáàsí ní Yorùbá. Ìkejì ni ilé-ìwé, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ò dúró pẹ́ kó tó ní ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkẹta ni ẹgbẹ́ ìlú: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní tiwọn, ọmọ Ọ̀fà ní tiwọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rélùwéè, ilé olórí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sùn. Ẹni tó bá kú, ẹgbẹ́ ló ń sìnkú. Ìkẹrin ni owó: àjọ, èésú, àti ọjà àwìn. Obìnrin tó dé láìní kọ́bọ̀, ẹnì kan á gbé agbọ̀n ọjà lé e lọ́wọ́, á ní "lọ tà á, kó o mú owó wá ní Sátidé."

Olórí wa náà wà, ẹni tí àwọn Haúsá ń pè ní Sarkin Yarabawa, tó ń parí ìjà, tó sì ń bá wa dé iwájú ìjọba àti ààfin. Nǹkan wọ̀nyí ló sọ Sabon Gari di ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

ỌDÚN TÍ ÌWÉ WÚLÒ JU OWÓ LỌ

Àlejò tó bá ní ilé tí kò ní ìwé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ilé náà wà. Ìtàn kọ́ wa ní èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Àríwá bẹ̀rẹ̀ ètò tí yóò fi ọmọ Àríwá sí ipò iṣẹ́ ìjọba ṣáájú ará gúúsù. Ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé ó pín àwa Yorùbá sí méjì. Ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Ọ̀fà jẹ́ ọmọ Àríwá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ọmọ Àríwá. Bẹ́ẹ̀ Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò tó ọgọ́ta kìlómítà! Òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1962 náà ya ọmọ Àríwá sọ́tọ̀: ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Àríwá kò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ láìsí àṣẹ ìjọba. Ẹni méjì lè máa sọ Yorùbá kan náà, kí wọ́n máa jẹ ọbẹ̀ kan náà, kí wọ́n jọ ra ilẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ̀tọ́ wọn má sì dọ́gba.

Lẹ́yìn náà ni 1966 dé. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tójú rí. Wọ́n pa àwọn Ìgbò ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá, àwọn tó yè é sì sá lọ. Ilé wọn ní Sabon Gari ṣófo. Ọ̀pọ̀ nínú wa dúró, àwọn kan náà kó ìdílé wọn padà sílé fúngbà díẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní 1970 tí àwọn Ìgbò ń padà bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Àríwá rí ilé wọn gbà, àwọn kan tilẹ̀ rí rẹ́ǹtì tí wọ́n ti gbà pamọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ní Zaria, ṣùgbọ́n ó kàn wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n ti kọ́ ilé, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Kumasi, ní Accra, ní Tamale, fi ohun gbogbo sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ìlọrin gba ọmọ wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń sọ pé "kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí," kó rántí pé gbogbo àdúgbò ló mọ àwọn ará Gánà náà.

Ní 1978 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ilẹ̀ tó kárí gbogbo Nàìjíríà. Òfin yìí fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀, ìyẹn C of O, sì di ohun tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà lè béèrè fún, ìbáà jẹ́ ará Àríwá tàbí ará gúúsù. Àwa tó wà ní ẹ̀yìn odi, òfin yìí ṣí ilẹ̀kùn fún wa, bí a bá tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀.

BÍ CHIKAJI ṢE WỌ Ọ̀RỌ̀ WA

Kí Zaria tó di bó ṣe dà, iṣẹ́ ló fa èrò wọ ibẹ̀. Gaskiya Corporation bẹ̀rẹ̀ ní 1945, ilé ẹ̀rọ òwú ti wà ṣáájú. Yunifásítì Ahmadu Bello ṣí ní Samaru ní 1962, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú tẹ̀ lé e ní 1964. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, èrò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Sabon Gari kò fẹ̀ sí i. Ilé tí bàbá kan kọ́ fún ìdílé kan di ilé yàrá mẹ́wàá, yàrá kan fún ìdílé kan, balùwẹ̀ kan fún gbogbo ilé. Àwa tí a dàgbà nínú face-me-I-face-you mọ adùn rẹ̀, a sì mọ ìṣòro rẹ̀. Bí ìyá kan bá lọ sọ́jà, ìyá mìíràn á bá a wo ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ní ìgbóná, gbogbo ilé ló máa ní i.

Chikaji ò jìnnà. Ìjọba ìbílẹ̀ Sabon Gari kan náà ló wà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọ́ọ̀dù mọ́kànlá tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú Hanwa, Muchia, Dogarawa, Samaru àti àwọn yòókù. Àwọn Haúsá ló ni ibẹ̀ tipẹ́, pẹ̀lú oko ọkà bàbà wọn. Ìjọba wá gbé àdúgbò ilé iṣẹ́ síbẹ̀, iṣẹ́ sì fa ilé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ́kọ́ gba yàrá, ẹni tó ń ta oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù náà dé. Bẹ́ẹ̀ ni pọ́lọ́ọ̀tì ṣe ń wọ inú oko.

Àwọn ìdílé wa tó kọ́kọ́ lọ, ojú wọn rí nǹkan. Iná ò sí. Omi ni ìyà tó tóbi jù. Zaria lápapọ̀ jìyà omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ò rí i bí àwọn mai ruwa ṣe ń ti ọmọlanke kiri? Ní ẹ̀yìn ìlú, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kànga lẹ máa gbẹ́, ọ̀gbẹlẹ̀ á sì gbẹ ẹ́ nígbà ọyẹ́. Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé ní Sabon Gari á jí ní aago márùn-ún. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ò ní jẹ́ kí achaba wọlé, ìyá á gbé bàtà lọ́wọ́ títí dé títì ọlọ́dà.

Èyí tó dun àwọn ìyá jù ni ọjà. Obìnrin tó ń ta ata àti ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Sabon Gari, oníbàárà rẹ̀ ò tẹ̀ lé e dé Chikaji. Owó ọkọ̀ lọ sí ọjà Sabon Gari tàbí PZ lójoojúmọ́ ń jẹ èrè. Ilé ti gbòòrò, àpò ti fún pọ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ SURULERE

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní Èkó, láti 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó láti tún ìlú ṣe. Àjọ LEDB ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Surulere. Ilé náà dára, afẹ́fẹ́ wà, balùwẹ̀ wà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé tó jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, ọ̀pọ̀ obìnrin kò rí ọjà tà mọ́, ìyá àgbà tí ọmọ ń tọ́jú lójoojúmọ́ ní agboolé wá di ẹni tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ rí, bí owó bá wà. Àwọn ẹlòmíràn fẹ́ràn ibẹ̀ o, pàápàá òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé déédéé, tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ fún ìyàwó àti ọmọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn ni ibi tí oúnjẹ kálukú ti ń wá.

Surulere wá ńkọ́ lónìí? Ta ló tún ń pè é ní ẹ̀yìn ìlú? Ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló sì san owó rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ sí Chikaji, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: níbo ni oúnjẹ ìyàwó mi ti ń wá? Bó bá jẹ́ ọjà ni, ẹ wá ibi tí ó máa tà sí kí ẹ tó sanwó ilé.

Ẹ̀RÙ TÍ A Ò LÈ FI PAMỌ́

A ò ní parọ́ fún ara wa. Ìdí mìíràn wà tí àwọn àgbà ṣe ń fà yín sẹ́yìn. Ní 1987, rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Kafanchan dé Zaria, wọ́n sì dáná sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 2000, ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná lórí òfin Ṣàríà mú kí ẹ̀rù bá gbogbo ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2011, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, Zaria gbóná. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2012, bọ́ǹbù dún ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú wa. Nígbàkígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà ní ẹ̀yìn ìlú ń sá padà sí Sabon Gari, wọ́n ń sùn lórí ẹní nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n. Àgbà tó ti ṣí ilẹ̀kùn fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ lóru, bó bá ní "ẹ má lọ," ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan.

Ṣùgbọ́n apá kejì náà wà. Àwọn aládùúgbò Haúsá wà tó fi ènìyàn wa pamọ́ sínú ilé wọn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní "kò sí ẹnì kankan níbí." Àwa Yorùbá sì ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú ìdílé kan náà, a mọ bí ènìyàn ṣe ń jọ gbé. Ibi tí kálukú bá ti yara rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá, ẹ̀rù ń dàgbà níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá kó dé Chikaji tó kí mai unguwa, tó lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú aládùúgbò, ti mọ odi tirẹ̀ láìlo bíríkì.

OHUN TÍ A RÒ PÉ Ó YẸ KÁ ṢE

Àwa ò ní sọ pé ẹ lọ, a ò sì ní sọ pé ẹ dúró. Apá tó bá gbé ẹrù ló mọ ìwúwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa lọ, ẹ lọ bí àwọn bàbá wa ṣe wá.

Ẹ má dá lọ. Kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá ilé sí ọ̀nà kan náà. Ẹ dá àjọ sílẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́. Bí kànga bá jẹ́ ti ẹni mẹ́rin, owó rẹ̀ á fúyẹ́.

Ẹ gba ìwé. Àwọn ènìyàn wa wà tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì ṣáájú wọn. Ẹ̀rí tí wọ́n ní ò ju bébà kan tí wọ́n fi bírò kọ. Ẹ wá ẹlẹ́rìí, ẹ mú mai unguwa dání, ẹ lọ sí KADGIS láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà mọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ ìyàwó sínú ìwé pẹ̀lú ti ọkọ. Opó tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àwọn ẹbí lè lé e jáde kí wọ́n tó jẹ sàárà ogójì ọjọ́ tán.

Ẹ má ta ilé bàbá nítorí àtikọ́ ilé ọmọ. Ilé àwọn bàbá wa ní Sabon Gari ń dínkù, bí àgbà kan bá ti kú, àwọn ọmọ á pín owó, ó parí. Bí ilé yẹn bá lọ, níbo la ó sá sí nígbà tí ìlú bá gbóná? Níbo la ó ti ṣe ìpàdé? Ẹ fi yàrá díẹ̀ rẹ́ǹtì, ẹ fi owó rẹ̀ tún òrùlé ṣe.

Ẹ sọ Yorùbá sí ọmọ. Ní Sabon Gari, àdúgbò ló ń bá wa kọ́ ọmọ ní èdè. Ní Chikaji, Haúsá ni ọmọ máa gbọ́ níta, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Èyí ò burú, Haúsá la fi ń tajà. Ṣùgbọ́n bí a ò bá sọ Yorùbá sí i nínú ilé, ìyá àgbà á pè é lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní lè dá a lóhùn. Bí ìdílé mẹ́rin bá wà lójú kan, kí wọ́n kó àwọn ọmọ jọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n pa àlọ́ fún wọn, kí wọ́n kọ́ wọn ní oríkì àti bí a ṣe ń kí àgbà.

Ẹ̀yin àgbà náà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ kàn yín. Ẹ má dúró kí àwọn ọmọ tó lọ máa wá nìkan. Kí ẹgbẹ́ ìlú gbé ìpàdé kan nínú mẹ́rin lọ sí Chikaji, Samaru tàbí Hanwa. Bàbá yín wọ rélùwéè fún ọjọ́ méjì kó tó dé Zaria. Kèké NAPEP láti PZ dé Chikaji ò tó bẹ́ẹ̀.

Lákòótán, ẹ̀yin tí ẹ ní risíìtì ilẹ̀ àtijọ́, fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tàbí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi pamọ́, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ dé Chikaji, ẹ sọ ọdún tí ẹ dé àti ẹni tó fi ọ̀nà hàn yín, kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ẹnì kan ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé tuntun tu gbogbo wa lára, kò ní sọ ilé àtijọ́ di ahoro. Àṣẹ, àmín.